Máàpù Tí O Yà Fún Òkè Wa

Ilé Bàbá Heaika,
Máze,
Nọ́wè.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kejì, 2023.

Elle, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọmọ ti lọ? Ó dáa. Mo kí ọ torí pé ilé ire la ti kọ́ mi. Inú ń bí mi sí ọ gan-an ni.

Lánàá, àwọn ará ọ́fíìsì ilẹ̀ pè wá sí ìpàdé. Wọ́n ta máàpù kan sára ògiri, àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè ọ̀run. Àwọ̀ ewé ń ṣe yọ̀yọ̀ lórí Òkè Gáhpir. Wọ́n ní ọdọọdún ni ewé ń pọ̀ sí i níbẹ̀, pé oúnjẹ àwọn àgbọ̀nrín tí à ń sìn ti di àjẹṣẹ́kù, nítorí náà kí a yọ̀ǹda Òkè Ruksa, tí ẹran wa tún ti ń jẹ, fún àwọn tó fẹ́ wa kùsà. Mo wo ìsàlẹ̀ máàpù, orúkọ rẹ ni mo rí.

Elle! Ìwọ tí a jọ ń fọwọ́ gbẹ́ yìnyín! O mọ̀ pé jeageal, ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ yẹn, ni ẹran wa ń jẹ nígbà òtútù. Igbó ṣúúrú ló bò ó mọ́lẹ̀ lórí Gáhpir, òun lo wá ń pè ní oúnjẹ. Oṣù Keje lẹ ya àwòrán náà, nígbà tí gbogbo ẹran wà létí òkun! Mo mọ ohun tí wàá sọ: ewé ni wọ́n ní kí o wò, o sì wò ó.

Bàbá Heaika dìde. "Ṣé ewé tó ti wọ́ dànù ni ẹran mi á jẹ lóṣù Kejì? Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ká wò ó!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tó mú máàpù wá ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ọmọ yín ló yà á o." Bàbá jókòó. Ojú tì mí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ìwọ kó ìtìjú bọ̀ wá sílé.

Tí Ruksa bá lọ, Bàbá á ta gbogbo agbo wọn. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta ni àwọn ará ọ́fíìsì máa pinnu. Bàbá ò ní kí n bá ọ wí o. Bàtà onírun rẹ àtijọ́ ni wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kó máa gbóná dè ọ́. Wá gbẹ́ yìnyín orí Gáhpir, kí o sọ ohun tí o bá bá lábẹ́ rẹ̀ fún àwọn ará ọ́fíìsì náà.

Bá mi kí ọkọ àti ọmọ. Tí o kò bá wá, má kí wa mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú ń bí,
Risten.