Yẹ́ẹ̀sì Tí Mo Sọ fún Ìyá Kékeré

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Ìyá Kékeré ọmọ-ọmọ mi, mo sì kí àtẹ̀gùn gíga tí ẹ ń gùn kí ẹ tó dé ilé yín, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú yín yọ̀ lórí rẹ̀. Bí ẹ ṣe ń jáde láàárọ̀, ayọ̀ lẹ ó máa bá wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọ fa wàhálà níbi iṣẹ́, àárẹ̀ ni yóò mú un kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Àwa nílé wà. Òrùlé tó ń jò sórí máṣíìnì ìránṣọ mi ti dáwọ́ jíjò dúró, nítorí òjò ò rọ̀ mọ́. Ẹlẹ́ran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ti gbé ìyàwó, èmi ni mo rán ẹ̀wù ọkọ ìyàwó fún un, àmọ́ kí ọjọ́ tó pé ó ti sanra kúrò nínú rẹ̀. Ó ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ilé ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá rẹ ti wọ ilé ìwé. Má rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ti bo máṣíìnì mi nírọ̀lẹ́, èmi àti àwọn àgbàlagbà bíi tèmi máa ń lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kékeré, orúnkún wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, olùkọ́ kan tó kéré sí ọ lọ́jọ́ orí á sì máa kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ náà mọ ìdí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni Ìyá Kékeré ń sọ, èmi ò sì gbọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè tí o bá gbé fóònù sí i létí, á sọ̀rọ̀ gígùn fún mi, ohùn rẹ̀ á máa dùn, èmi náà á ní yẹ́ẹ̀sì. Òun nìkan ni mo ní lẹ́nu, mo sì rò pé kò sí ohun tí ọmọ ọdún márùn-ún lè bèèrè tí yẹ́ẹ̀sì ò ní ká.

Ọmọ mi, èdè yìí jinlẹ̀. Olùkọ́ wa kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó, gífù, ó ní ìyẹn ni kéèyàn fúnni ní nǹkan. Ó dáa. Ó wá mú ọ̀rọ̀ bíńtín kan, ọ́ọ̀pù, tí mo ti mọ̀ pé òkè ni, ó fi sẹ́yìn rẹ̀. Mo nawọ́, mo ní kéèyàn fún ẹni tó wà lókè ní nǹkan ni. Ó ní rárá o, kí nǹkan súni kéèyàn sì pa á tì ni. Ó yọ ọ́ọ̀pù kúrò, ó fi bákì síbẹ̀, ó di kéèyàn dá nǹkan padà fún ẹni tó ni ín. Lúùkù ni kéèyàn wo nǹkan, ṣùgbọ́n lúùkù fọ̀ ni kéèyàn wá ohun tó sọnù, lúùkù áfítà sì ni kéèyàn tọ́jú ẹni. Ẹ̀wù kan náà o, bọ́tìnì lásán ni wọ́n pààrọ̀, ó sì di aṣọ ẹlòmíì. Orí mi wú. Mo bi olùkọ́ pé ta ló jókòó ro gbogbo èyí, ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ó tún ní ọ̀rọ̀ kéékèèké mìíràn wà tó ń so gbólóhùn kan mọ́ èkejì: bọ́tì tó jẹ́ ṣùgbọ́n, bìkọ́ọ̀sì tó jẹ́ nítorí, bìfọ́ọ̀ tó jẹ́ kí ó tó, àti àǹtíìlì tó jẹ́ títí. Ó ní tí a bá lè fi wọ́n so àwọn gífù ọ́ọ̀pù wọ̀nyẹn pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn èèyàn ń sọ nínú ilé lójoojúmọ́ nìyẹn. Bàbá awakọ̀ tó jókòó tì mí ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó ní ọkọ̀ òun dẹnu kọlẹ̀, bọ́tì òun ò pa á tì, bìkọ́ọ̀sì ọkọ̀ náà ló ń tọ́jú ilé òun. Gbogbo rẹ̀ ló fi Gẹ̀ẹ́sì sọ tán láìdúró mí. A pàtẹ́wọ́ fún un títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo délé, mo ń rò ó. Látìgbà tí mo ti dáyé ni mo ti ń sọ ṣùgbọ́n, n ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ọmọbìnrin tó máa ń bá ọ gbé fóònù, òun gbọ́ èdè yìí dáadáa. Lọ́jọ́ kan tí mo pè ọ́, ó ní pìlíìsì họ́ọ̀dù ọ́ọ̀nù, ó sì fi wáìlì so ó mọ́ ìyókù. Mo mọ̀ ọ́n lọ́gán, ó ní kí n ní sùúrù nígbà tí òun bá ń wá ọ. Mo kí i, mo bèèrè àwọn òbí rẹ̀, kò dáhùn, ó kàn tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ láìbínú. Àwọn tó tọ́ ọmọ náà kú iṣẹ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìwọ lò ń sanwó fún un, jẹ́ kó máa sinmi, nítorí kò sígbà tí mo pè tí kò sí níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ó tó Sọ́ńdè mẹ́ta tí Ìyá Kékeré ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà, á sì dúró de èsì. Tí mo bá ti ní yẹ́ẹ̀sì, á mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ̀ ẹrù kalẹ̀ fún. Mo ti há ìbéèrè náà sórí bí orin, òun ni mo ń kọ tí mo bá ń fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì, láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣàdédé gbọ́ àǹtíìlì nínú rẹ̀, mo gbọ́ bìfọ́ọ̀, mo gbọ́ ọ́ọ̀pù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan, àwéè lẹ́yìn òmíràn. Inú mi dùn débi pé mo dìde ní kíláàsì, mo kọ gbogbo rẹ̀ jáde, mo rò pé wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún èmi náà. Olùkọ́ gbé ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀, ó bi mí bóyá ẹnì kan kú nílé yín láìpẹ́ yìí. Mo ní bàbá ọkọ rẹ ni. Ó ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sọ fún ọmọ náà pé bàbá àgbà lọ, nítorí gòó àwéè ni kéèyàn lọ, gíróò ọ́ọ̀pù sì ni kí ọmọdé dàgbà. Ó wá so ó pọ̀ fún mi ní Yorùbá. Ohun tí Ìyá Kékeré ń bi mí ni pé, “Màmá àgbà, ṣé ẹ máa dúró títí màá fi dàgbà kí ẹ tó lọ?”

Mo jókòó. Àǹtíìlì tí mo ti ń fi ṣeré lórí bẹ́ǹṣì, òun lọmọ yẹn gbé gbogbo ọkàn rẹ̀ lé. Ọmọ tí kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀. Olùkọ́ bi mí pé kí ni mo dá a lóhùn, mo ní yẹ́ẹ̀sì ni, mo sì ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹyin lohùn, ọmọ mi, ó ti bọ́ lẹ́nu mi.

Nítorí náà, dókítà tí o ti ń bẹ̀ mí láti ọdún tó kọjá pé kí n lọ rí, tí mo ní kò sóhun tó ń ṣe mí ju ẹsẹ̀ wíwú àti orí fífọ́ lọ, mo ti lọ. Wọ́n fi aṣọ kan dì mí lápá, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó fún mi pinpin, ṣùgbọ́n wọ́n rán etí rẹ̀ dáadáa. Nọ́ọ̀sì wo ohun tó kọ síbẹ̀, ó ní báwo ni mo ṣe ń rìn káàkiri pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru báyìí. Ó ní ojoojúmọ́ ni n ó máa lo oògùn. Mo ní kó fún mi ní ti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ọmọ náà lè fi pé ogún ọdún. Ó ní ti oṣù kan ni wọ́n ń fúnni.

Jọ̀ọ́, fi owó oògùn ránṣẹ́ sí mi, bí ó bá sì ṣẹ́kù, n ó fi tún òrùlé ṣe. Tí o bá fẹ́ fi fóònù rán an, kí bátìrì rẹ̀ kún dáadáa, kí owó má baà kú sọ́nà.

Ọlọ́run yóò dá ọ sí fún mi, yóò dá èmi náà sí fún un. Ìwọ náà yóò rí ọmọ-ọmọ rẹ, wàá gbọ́ èdè tó bá ń sọ. Ní Sọ́ńdè, gbé fóònù fún Ìyá Kékeré kí ìwọ tó gbà á. N ò ní dáhùn yẹ́ẹ̀sì lásán mọ́, mo ti rán gbólóhùn tèmi, olùkọ́ sì ní kò sí ibi tó ya. Àì wílì nọ́ọ̀tì gífù ọ́ọ̀pù, àǹtíìlì yù gíróò ọ́ọ̀pù.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ti lo oògùn tòní.