Ẹgbàá Márùn-ún Tí Mẹ́ta Ò Lè Pín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ̀rù ń bà mí. N kò tíì lè sọ fún Ìyá, n kò sì lè sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin gan-an ni mo wá kọ ọ́ sí.

Nígbà àdúà ọjọ́ kẹjọ yín, àṣà ilé wa la tẹ̀ lé: Lá iláha illalláhu, ẹgbàá márùndínlógójì, kí Ọlọ́run lè ṣílẹ̀kùn Àlùjánnà fún yín. Àwa ọmọ méje la pín in. Ẹgbàá márùn-ún kàn mí, 10,000. Tẹ̀súbáà yín tí mo jogún ni mo fi kà á. Gbogbo ayé ló ń pe yípo tẹ̀súbáà kan ní ọgọ́rùn-ún, nítorí náà mo yí i nígbà ọgọ́rùn-ún. Orí rẹ̀ gan-an, ilẹ̀kẹ̀ gígùn tí a kì í kà mọ́ àwọn yòókù, ni mo parí sí, kò ṣẹ́kù. Mo ní mo ti ṣe ti bàbá mi dáadáa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí àwa tíṣà wọlé padà lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nílé ìwé wa ní Fate bí a ṣe ń mọ nọ́ńbà tí mẹ́ta lè pín. Kò le: ẹ ro àwọn díjíìtì rẹ̀ pọ̀, bí mẹ́ta bá pín àròpọ̀ yẹn láìṣẹ́kù, yóò pín nọ́ńbà náà, bó ti wù kó tóbi tó. Ọmọ kan ní ká dán 10,000 wò. Oókan àti òdo mẹ́rin: ẹyọ kan ṣoṣo. Mẹ́ta ò lè pín in láé. Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀nà mẹ́ta ọgbọọgba ni tẹ̀súbáà yín pín sí, nítorí náà iye yòówù tí mo bá fi odindi yípo rẹ̀ kà, mẹ́ta gbọ́dọ̀ lè pín in. Báwo ló ṣe wá parí ẹgbàá márùn-ún láìṣẹ́kù? Mo sáré délé, mo ka ilẹ̀kẹ̀ rẹ̀: mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ́nà mẹ́ta. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún! Bàbá, ọgọ́rùn-ún ló dín nínú ohun tí mo kà fún yín.

Ṣé ẹnu ọ̀nà lẹ ṣì wà? Ṣé àwọn málékà ń bi yín pé ọmọ wo ló dín tirẹ̀ kù? Ìyá ní òun lá àlá yín, pé ẹ kàn dúró, ẹ ò sọ̀rọ̀. Ìyá ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ń ro ẹnu ọ̀nà yẹn.

Ṣé ẹ rántí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń ta àgbàdo ní ọjà Ìpàta, bí oníbàárà á ṣe dúró ti àgbàdo títí ẹ ó fi ka tẹ̀súbáà tán? Bí ilẹ̀kẹ̀ bá tán, ẹ ó di orí rẹ̀ mú, ẹnu yín á tún mì díẹ̀. Mo rò pé ẹ ń sinmi ni. Àṣé ẹ ń mú un pé ọgọ́rùn-ún ni! Kí ló dé tí n kò fi bi yín?

Lẹ́yìn àsùbáà òní, mo jókòó láti ka èyí tó kù. Mo yí tẹ̀súbáà lẹ́ẹ̀kan, ó ku ẹyọ kan, ti orí rẹ̀. Mo dì í mú, ẹnu mi kọ̀. Ẹ̀rù mìíràn ló dé, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ: bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ẹ ó wọlé, ẹ ò ní dúró lójú àlá ẹnikẹ́ni mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí ná.

Mo fẹ́ pè é báyìí, Bàbá. Ẹ máa wọlé lọ.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín.