Bí Mo Ṣe Fọwọ́ Ara Mi Pààrọ̀ Bíréèkì Kí Ìyá Rẹ Tó Lọ Ṣiṣẹ́ Abẹ Ojú

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ geere, ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ tí o bá ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yín ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Àdúrà mi fún ọ ní àárọ̀ yìí ni pé ohun tó yẹ kó máa lọ láyé rẹ yóò máa lọ, ohun tó bá sì yẹ kó dúró yóò dúró gbọn-in lẹ́ẹ̀kan náà láìpariwo. O ò tíì mọ bí àdúrà yìí ṣe tóbi tó, ṣùgbọ́n tí o bá ka lẹ́tà yìí débi tó yẹ, wàá ṣe àmín fúnra rẹ. Ara wa le níbí. Àtàǹpàkò mi tí mo fi báńdéèjì wé kò ṣe nǹkan kan, mo kàn dárúkọ rẹ̀ kí o lè mọ ìdí tí ọwọ́ ìkọ̀wé mi fi rí wúruwùru ni.

Mo mọ̀ pé awakọ̀ tí o rán sí wa ti padà dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó sì ti rojọ́ mi. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó ń lọ, ojú ẹni tó ní ìròyìn lẹ́nu ni. Ohun tó sọ lè jẹ́ òótọ́ o, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ṣé o rántí ọkọ̀ tí o fi sílẹ̀ fún wa nígbà tí o ra tuntun? Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń han gooro nígbàkígbà tí mo bá tẹ bíréèkì, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí họ ìdí ìkòkò. Mo ní ohùn rẹ̀ ló ń dàgbà. Ìyá rẹ ní òun kì í ṣe adití. Mo wá gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì wa, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ó-Kù-Díẹ̀ nítorí pé èsì tó máa ń fọ̀ sí gbogbo ìbéèrè nìyẹn. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó pòṣé, ó ní páàdì ti jẹ tán, dísìkì irin tí páàdì ń fún mọ́ ti dógùn-ún ó sì ti rí págunpàgun, àti pé Ọlọ́run ló ń bá mi tẹ bíréèkì láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní ìgbà wo ló máa ṣe é. Ó ní ó kù díẹ̀, òun ń lọ kí ọmọ òun kú ewu ọmọ, ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀! Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni dókítà ojú dá fún ìyá rẹ, oṣù mẹ́jọ gbáko la sì fi retí ọjọ́ náà. Wọ́n ti sọ fún wa pé ẹni tí kò bá dé ní ọjọ́ tirẹ̀ á padà sẹ́yìn ìlà, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí a kì í sọ fún ọ lórí fóònù. Ìyá rẹ kò rí nǹkan mọ́ ju òjìji lọ. Tó bá fẹ́ mu omi, á máa fọwọ́ wá ife kiri orí tábìlì, tó bá sì ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, á máa ṣe bíi pé tábìlì lòun ń nù. Tábìlì wa ti mọ́ jù.

Ìgbà yẹn lo ní wàá rán awakọ̀ wá. Ìyá rẹ ní rárá, tí ẹ̀rù bá máa ba òun lọ́nà, níṣojú ẹni tó mọ òun ni kó ti ba òun. Mo ní kó jẹ́ ká gbé ọkọ̀ tiwa. Ó ní òun ò ní wọ nǹkan tó ń ké bíi pé wọ́n ń pa á. Kò wọ tìhín, kò wọ tọ̀hún, bẹ́ẹ̀ Ọjọ́bọ̀ ń sáré bọ̀. Èmi bàbá rẹ, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, mo wá pinnu pé màá pààrọ̀ bíréèkì náà fúnra mi lẹ́yìnkùlé wa.

Mo lọ bá ọmọbìnrin tó ń ta fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ní inú fóònù la ti máa ra páàdì àti dísìkì, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù wà. Fọ́ọ̀mù ọ̀hún fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn ni mí tàbí ẹ̀rọ. Mo ní kí ọmọ náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yìn ń dùn mí, ó ní kò sáyè, kí n kàn fọwọ́ tẹ ibì kan. Kò pẹ́ ni wọ́n bá gbé ìdánwò dé, àwòrán mẹ́sàn-án, wọ́n ní kí n mú gbogbo kẹ̀kẹ́ tó wà níbẹ̀. Inú mi dùn, mo mọ̀ pé wọn kì í ta bíréèkì fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo mú méjì, mo fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ nítorí kò ní bíréèkì, mi ò sì lè fọwọ́ sí i. Wọ́n já mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n já mi lórí ìdúróṣinṣin yẹn, kí ọmọ náà tó bá mi tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo ń wo ibòmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tó ń ta irin ń wádìí ọ̀rọ̀ ilé onílé, ṣùgbọ́n nítorí ojú ìyá rẹ, mo pa ohùn mi mọ́lẹ̀, mo ní kí ọmọ náà kọ ọ́ pé èmi ni mo fi áyọ̀ọ̀nù jó ìró aláwọ̀ ewé ìyá rẹ, tí mo sì ní alágbàfọ̀ ni. Fóònù náà dáhùn pé kò lágbára tó. Ọmọ mi, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú! Mo tún wá kọ ọ̀kan tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ yìí ń ba èmi ju ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe é fún lọ. Ìyẹn ni wọ́n gbà. Ọmọ tó ń ta fóònù wojú mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó lọ bu omi fún mi. Ọ̀rọ̀ ìró nìkan ló lọ sọ fún ìyá rẹ.

Ọlọ́kadà gbé ẹrù náà dé ní ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ náà wá fi ọkùnrin kan hàn wá nínú fóònù tó ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ bíréèkì. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ torí pé a ò tíì pàdé rí. Ìyá rẹ kí i pé ó kú iṣẹ́. Kò dáhùn. Ó tún kí i sókè, bóyá kò gbọ́ ni, kò dáhùn. Ìyá rẹ ní ó mọṣẹ́ lóòótọ́ ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ ọ nílé, ó sì wọlé lọ. Èmi ò bínú sí i, torí ọkùnrin náà ní sùúrù. Tí mo bá fìka kàn án, á dúró síbi tó wà, á gbé sípánà sókè, kò ní ṣẹ́jú, títí màá fi bá a débẹ̀. Ojú ń tì mí pé mo fi àgbàlagbà sílẹ̀ báyẹn, nítorí náà sísáré ni mo ń sáré lọ mú nǹkan, màá sì tọrọ àforíjì kí n tó tún fìka kàn án. Nígbà kan àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì já wọlé, wọ́n ń fi ọṣẹ ìfọṣọ hàn mí. Mo gbà pé àwọn ọmọ rẹ̀ ni, mo dákẹ́ títí wọ́n fi jáde.

Iṣẹ́ náà dùn, ọmọ mi! Mo gbé òkúta sídìí táyà ẹ̀yìn kí ọkọ̀ má baà rìn, mo tú nọ́ọ̀tì táyà iwájú díẹ̀ kí n tó fi jáàkì gbé e, mo sì ki kùkùté igi sábẹ́ rẹ̀, torí ọkùnrin náà na ìka sí jáàkì, ó mi orí, ó ní kéèyàn má fọkàn tán an. Mo yọ táyà, nọ́ọ̀tì inú ti dógùn-ún mọ́bẹ̀, mo da kẹrosíìnì lé e lórí, mo jẹ ẹ̀pà, mo padà wá, ó tú. Ibẹ̀ ni àtàǹpàkò mi ti ṣèṣe. Irin tó ń há páàdì mọ́ dísìkì, mo fi okùn ìsáṣọ ìyá rẹ so ó rọ̀, kó má baà fi ìwúwo rẹ̀ já rọ́bà tó ń gbé omi bíréèkì. Mo fi òòlù gbá dísìkì àtijọ́ títí ó fi jábọ́, ìpẹ́pẹ́ ìpẹtà sì bo ṣẹ́ẹ̀tì mi. Irin róbótó kan wà tó ń ti páàdì, ó ti yọ síta jù, páàdì tuntun ò lè wọlé. Mo yá irin tí káfíńtà ìsàlẹ̀ ọ̀nà fi ń di pákó pọ̀, mo sì fi tì í díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wọlé bí orí ìjàpá. Orí mi wú. Mo ṣe ẹgbẹ́ ọ̀tún, mo ṣe tòsì, mo dá táyà padà. Nígbà tí mo rí i pé ọkùnrin náà ti ń nu ọwọ́, tó tún fẹ́ máa sọ̀rọ̀, mo ní ó tó, a ti dá a dúró jù, kó lọ sinmi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa fóònù.

Ní Ọjọ́rú, ìyá rẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́, ó ní òun ò lè wò ó ṣùgbọ́n òun á gbọ́ ọ. Mo gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Mo tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ lọ bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹrẹ̀, ọkọ̀ ò sì dá mi lóhùn, ó ń lọ ni. Mo yí ọwọ́ ọkọ̀, mo sì wọ inú òkìtì ìyẹ̀fun pákó tí káfíńtà kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, fùúù, mi ò rí gíláàsì iwájú mọ́. Káfíńtà ké pe ẹni tó dá a. Ni mo bá gbọ́ ìyá rẹ tó ń pàtẹ́wọ́, tó ń jó lórí ìjókòó, tó ń sọ pé ó mà dúró o, kò tiẹ̀ pariwo rárá, ọkọ òun mọṣẹ́. Mo wo káfíńtà, káfíńtà wò mí. Ó fi eyín di ètè mú, ó yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì.

Mi ò lè gbé ìyá rẹ sínú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo padà sọ́dọ̀ ọkùnrin inú fóònù pẹ̀lú ìtìjú, ibi tí mo fi í sílẹ̀ ni mo ti bá a, ọwọ́ ló ṣì ń nù, kò bínú. Mo jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àṣé ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn, pé kéèyàn tẹ bíréèkì léraléra lójú kan kí ọkọ̀ tó rìn rárá, títí irin tí mo tì wọlé á fi jáde wá pàdé páàdì! Mo tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀, mo tẹ̀ ẹ́, ó le díẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó le bí òkúta. Èmi àti káfíńtà sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà nígbà méjìlá, ìgbà méjèèjìlá ló dúró. Ní ẹ̀ẹ̀kẹjọ, orin la ń kọ.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni awakọ̀ tí o ṣì rán sí wa dé. Mo ti fẹ́ bá ìyá rẹ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ Ọjọ́rú, mo sì sọ ọ́, ìyẹ̀fun àti gbogbo rẹ̀. Ó ní ṣé mo rò pé imú òun náà ti fọ́ ni, òórùn pákó ń jáde lára mi láti àná. Ó ní ta ló tún un ṣe. Mo ní èmi ni. Ó ní ìgbà mélòó ló dúró. Mo ní méjìlá. Ó fọwọ́ wá ilẹ̀kùn iwájú, ó ṣí i, ó jókòó, ó sì ní kí n sọ fún awakọ̀ rẹ pé kó máa tẹ̀ lé wa bọ̀. Bó ṣe di pé ọkọ̀ òfìfo tẹ̀ lé wa dé ilé ìwòsàn nìyẹn, ohun tó wá sọ fún ọ nìyẹn, kò parọ́.

Wọ́n ṣe ojú náà. Wọ́n dá a dúró mọ́jú, wọ́n sì ṣí báńdéèjì ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ó wò mí títí, ó ní mo ti darúgbó, ta ló ṣe mí báyìí. Mo ní òun ni. Nọ́ọ̀sì ní kí a rọra máa rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi, ìrìn wákàtí kan péré ni láti ilé ìwòsàn wá sílé, wákàtí mẹ́rin la fi rìn ín. A ò tíì rìn jìnnà tó fi ní kí n dúró. Mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró gbọn-in, mo ní kí ló dé. Ó ní igi lòun ń wò. A tún rìn díẹ̀, ó ní dúró, aṣọ pupa kan wà lórí okùn ilé ẹnì kan. Ó ní dúró, wo ewúrẹ́ yẹn, ó nírùngbọ̀n. Lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wa, ó tún ní kí n dúró, ó wo òrùlé ilé wa títí, omi ń bọ́ lójú tuntun tí wọ́n ní kó má sunkún, èmi náà di bíréèkì mú ṣinṣin. Ìgbà mẹ́tàdínlógójì ni ìyá rẹ dá mi dúró, ìgbà mẹ́tàdínlógójì ni bíréèkì ọwọ́ mi sì gbọ́.

Dókítà ní oṣù tó ń bọ̀ ni ojú kejì. Jọ̀ọ́, fi owó páàdì mìíràn ránṣẹ́ sí mi kíákíá, torí pẹ̀lú bí ìyá rẹ ṣe ń wòran yìí, èyí tí mo fi síbẹ̀ ò lè pẹ́ rárá. Ọlọ́run á ṣí ojú rẹ sí ire tó wà lọ́nà rẹ, á sì fún ọ ní ẹni tó máa dúró kí o lè wò ó tẹ́rùn.

Èmi ni bàbá rẹ, mẹ́káníìkì.