Ìgò Ìyá Olómi Dáyámọ́ǹdì Kò Tíì Silẹ̀

Ọdún 1944 ni wọ́n bí olóògbé, Ìyá Olómi Dáyámọ́ǹdì, nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, alágbẹ̀dẹ. Àbúrò kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Àǹtí Aránṣọ. Olóògbé ló pọ̀n ọ́n ní kékeré, wọ́n sì ń rán an létí títí ayé.

Wọ́n kàwé dé yunifásítì, wọ́n sì ríṣẹ́ ní yàrá ìwádìí. Káfíńtà kan wá tún tábìlì ṣe níbẹ̀. Tábìlì náà kò tètè parí, nítorí kò wu káfíńtà kó parí. Ní 1971, ó di ọkọ wọn.

Dáyámọ́ǹdì tiwọn kì í ṣe ti òrùka. Eruku ni, ojú lásán kò lè rí ẹyọ rẹ̀. Bó bá wọnú omi, á dìpọ̀, á silẹ̀ sísàlẹ̀ ìgò. Iṣẹ́ wọn ni láti tú u ká, kó má dìpọ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tó ń fi ìró gbọn omi tú u ká, ó tún dìpọ̀.

Ní 2004, ìfẹ̀yìntì ti kan ilẹ̀kùn. Wọ́n kó gbogbo iyọ̀ ilé lọ, wọ́n dà á sínú omi náà débi tí kò lè yọ́ tán, kí hóró iyọ̀ máa ha eruku náà bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n. Ó tú ká! Ọbẹ̀ ilé wa ló tẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó tún ti dìpọ̀.

Olóògbé ní, “Iyọ̀ tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ ló bà á jẹ́.”

Ọkọ wọn ní, “Ó dáa. Ẹ dá a padà sínú ọbẹ̀.”

Wọ́n wá fọ iyọ̀ kúrò pátápátá. Àwọn ẹyọ eruku náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn sẹ́yìn, wọn kò sì dìpọ̀ mọ́. Wọ́n gbé ìgò kan wálé, omi inú rẹ̀ pọ́n bíi tíì.

Àǹtí Aránṣọ ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ìwé tẹ́ ẹ kà, tíì lẹ fi sè? Á silẹ̀ tó bá dọ̀la.”

“Màá ti wọlẹ̀ kó tó silẹ̀.”

Láti ìgbà náà, bí Àǹtí bá wọlé, ìdí ìgò ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó kí èèyàn.

Olóògbé kì í pa ìsìn jẹ. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá gba ẹ̀kọ́ tán, á bá wọn fọ ìgò. Wọ́n fi ọkọ, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti àbúrò kan sílẹ̀.

Láàárọ̀ tí a ń kọ ìwé yìí, Àǹtí gbé ìgò náà sójú fèrèsé, wọ́n wò ó títí. Kò sí nǹkan kan ní ìdí rẹ̀. Wọ́n bú sẹ́kún: “Mo ti gbà, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dìde, ká tún jọ jiyàn nǹkan mìíràn.”

Olómi Dáyámọ́ǹdì, ìyá wa, ẹ sùn re o. A ò ní gbọn ìgò náà.