Òwú Pupa Tí Mo Sun

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Ẹ má bínú pé ìbínú ni mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Ọdún mélòó ni àpò ìtọ̀ fi ta yín bí ata, tí ẹ kì í lè jókòó pẹ́ nídìí òfì kí ẹ tó sáré lọ sẹ́yìn ilé? Àtọ̀sí ni nọ́ọ̀sì ń pè é ní ọsibítù, lójú gbogbo èèyàn. Ẹ̀yin, opó, ìyá ìjọ. Ta ló fún un lẹ́nu bẹ́ẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò yín ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ tó sọ ìyókù fún mi. Ó ní nígbà tí àyà yín ń lù kìkì, tí dókítà fún yín ní oògùn ọkàn, àpò ìtọ̀ náà rọlẹ̀. Bí oògùn bá tán, ìrora á padà. Ẹ sọ fún wọn ní ọsibítù, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mú òwú pupa, okùn kan fún ọjọ́ kan, ẹ ń ta kókó sí i nígbàkigbà tí ẹ bá tọ̀. Ọjọ́ tí oògùn bá wà, kókó kì í pọ̀. Ẹ kó o lọ bá dókítà. Ó ní kí ẹ gbé oògùn ìbílẹ̀ yín kúrò lórí tábìlì òun, ó sì fi òmíràn pààrọ̀ oògùn ọkàn náà. Ṣé ọ̀mọ̀wé nìyẹn?

Èmi náà kò sàn jù ú lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú yín, mo bá òwú náà lábẹ́ ìrọ̀rí yín. Mo rò pé ẹ ti tọ oníṣègùn lọ. Kí àwọn ará ìjọ má baà rí i, mo sọ ọ́ sínú iná. Kókó lẹ fi ń ka iṣẹ́ aṣọ yín lójú mi láti kékeré, Ìyá. Báwo ni mo ṣe gbàgbé?

Ìrora náà ti bá èmi náà báyìí. Mo ròyìn yín fún dókítà tuntun tí wọ́n gbé wá láti Ìlọrin. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá oògùn ọkàn lè pẹ̀tù sí iná àpò ìtọ̀, àmọ́ ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n wádìí ni. Ó wá bi mí pé, "Òwú náà dà?"

Mo délé, mo já òwú pupa lára òfì yín. Láàárọ̀ yìí ni mo ta kókó àkọ́kọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tí kò béèrè nígbà tí ẹ wà.