Òfin Kẹta Létí Omi Ubeji

Bàbá mi àtàtà,

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ẹ ti lọ, ọ̀sẹ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀rọ̀ tí ó tó kọ sí yín. Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì girama ní sáyẹ́ǹsì níbí ní Okere. Ẹ rántí bí mo ṣe sọ fún yín pé wọ́n tó àádọ́ta nínú yàrá kan, tí ẹ pariwo pé ṣé iléèwé ni àbí ọjà Pessu? Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta báyìí.

Ohun tí ń mú nǹkan gbéra àti ohun tí ń dá a dúró ni mo ń kọ́ wọn ní sáà yìí. Òfin mẹ́ta ló wà níbẹ̀, òfin kẹta ló kó mi sí wàhálà. Mo kọ ọ́ sójú pátákó pé bí o bá ti nǹkan, nǹkan náà á ti ìwọ náà padà pẹ̀lú agbára kan náà. Wọ́n dà á kọ, wọ́n há a sórí, wọn ò gbọ́ ọ yé. Ẹni mẹ́jọ péré ló yege nínú ìdánwò. Ọ̀gá wa pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀, òun á gba kíláàsì náà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin ni mo ń rò nínú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ lọ sílé. Mo rí yín lọ́kàn mi lórí ọkọ̀ ojú omi tí ẹ fi ń gbé èrò ní Ubeji, tí ẹ ká ṣòkòtò dé orúnkún, tí ẹ ń kọrin Ìlàjẹ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ á fi ọ̀pá gígùn gún ilẹ̀ odò, ẹ á tì í sẹ́yìn, ọkọ̀ á sì yọ́ lọ síwájú. Kí ọkọ̀ tó kan èbúté, ẹ á ti di èjìká mi mú, torí ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ á dúró, èmi ò ní dúró. Ta ló kọ́ yín?

Lọ́jọ́ kejì mo to páìpù omi mẹ́rin sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri iléèwé, mo gbé pákó lé wọn. Mo pe Tega, ọmọbìnrin kan tó ń ti Ubeji wá, tí kò tíì lanu nínú kíláàsì láti ìgbà tí a ti wọlé. Ó jókòó sórí pákó, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ògiri. Ògiri ò mira. Òun àti pákó ló yí gbirigbiri lọ sẹ́yìn. Gbogbo wọn pariwo.

“Who push you?” ni mo bi í.

Ó tọ́ka sí ògiri. “Na the wall, Aunty.” Ojú rẹ̀ wá là. “Ah! Na so my papa dey push boat!”

N kò tún ní àlàyé ṣe mọ́. Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ ló máàkì ìdánwò tí mo tún fún wọn ṣe, ó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn yege, kò sì sọ̀rọ̀ gbígba kíláàsì mọ́.

Ṣùgbọ́n Bàbá mi, nǹkan kan wà tí n kò tọrọ àforíjì rẹ̀ rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ti yunifásítì wá lo ọlidé, mo dúró ní èbúté, mo ń ṣàlàyé òfin yẹn fún yín lójú àwọn ọ̀rẹ́ yín. Ẹ ní ẹ ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ kàn ń ṣe é ni, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹrí ba, ẹ ń so okùn ọkọ̀. Ẹ ò sọ ọ́ létí mi mọ́ láéláé. Mo rò pé mo dójú tì yín, mo sì gbé e lọ́kàn títí a fi sin yín.

Ní Sátidé mo lọ kí bàbá Tega ní èbúté Ubeji. Ó wojú mi títí, ó ní ṣé ọmọ Bàbá Ìlàjẹ kọ́ ni mí. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun ní ọkọ̀ títù! Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Your papa! Anybody wey enter boat, e go tell am: ‘Na Law Number Three I take dey carry you so. Na my pikin teach me.’ E talk am till e die.”

Mo jókòó sí etí ọkọ̀. Ṣé ẹ ò bínú ni? Báwo lẹ ṣe máa ń sọ ọ́? Ṣé àwọn èrò máa ń rẹ́rìn-ín?

Nígbà tí ojú mi gbẹ, mo tọrọ ọ̀pá lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Títì àkọ́kọ́ gbé wa wọnú koríko, Tega rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Èkejì sàn. Mo fi ọ̀pá ti ilẹ̀ odò, ilẹ̀ odò sì tì mí padà. Mo ní kí Tega sọ fún mi ta ló ń ti wa. Ó ní ilẹ̀ ni. Mo ní ó gbà á, àmọ́ bàbá mi náà wà níbẹ̀.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tó sì ń ṣàárò yín.