Ibà Tí Mò Ń Wá fún Àṣàbí

Sanguéra, lẹ́yìn ìkórè àgbàdo

Jẹ̀lílì Àjàní, ọmọ mi, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ariwo Lomé ò dí ọ lọ́wọ́ ìrun kíkí? Ọlọ́run á jẹ́ kí o fi èrè bọ̀ wálé. Tíṣà Barthélemy ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ó ní kí n má sọ̀rọ̀ jù, tàdáwà tí òun fi ń kọ̀wé kù díẹ̀. Ewúrẹ́ wa ti bí, òjò ti wó ògiri ẹ̀yìnkùlé, gbogbo ilé ń kí ọ.

Ọ̀rọ̀ Àṣàbí àbúrò rẹ ni mo bá wá. Látìgbà tá a ti ṣe ìkómọ ló ti ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Bí mo bá gbé Wúlẹ̀mọ̀tù ọmọ rẹ̀ fún un, á ní ọmọ ta nìyẹn, kò ní fún un lọ́mú. Omi ẹ̀kọ ni mò ń fún ọmọ náà, ó ti ń rù. Àfìgbà tí ibà mú ìyá rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, mo ti ń sunkún pé ó parí, ló bá lajú, ó pè mí ní ìyá òun, ó ní kí n gbé ọmọ òun wá. Jẹ̀lílì, ó fún un lọ́mú! Ó ń fọwọ́ pa á lórí, ó ń kì í.

Inú ayọ̀ yẹn ni mo wà tí dókítà òyìnbó tó ń yí abúlé ká fi dé, tó fún un ní kiníìnì, oògùn ibà, èmi náà fi adìyẹ dúpẹ́. Háà, mi ò mọ̀! Bí ara rẹ̀ ṣe tutù báyìí, ó tún kọjú sí ògiri.

Mo sáré lọ bá dókítà nídìí ọkọ̀ rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó dá ibà ọmọ mi padà. Ògbufọ̀ rẹ̀ ní dókítà ní lóòótọ́ wọ́n ń fi ibà wo irú orí kan tó dàrú lókè òkun, pé ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn tí ibà máa ń jí dìde, bóyá àwọn ló tún orí rẹ̀ ṣe, òun ò mọ̀. Mo bi í bóyá ọmọ ogun Faransé ni. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Mo wá ń mú Àṣàbí jókòó létí àbàtà nírọ̀lẹ́ kí ẹ̀fọn lè jẹ ẹ́. Wọ́n fi í sílẹ̀, èmi ni wọ́n jẹ, èmi ni ibà mú! Mo dì mọ́ ọn sùn kó lè ràn án, kò ràn án.

Jọ̀ọ́, ọsibítù tí o ti ń fọṣọ yẹn, gbogbo ibà tí wọ́n ń gbà kúrò lára àwọn ará Lomé, wọ́n á ti rọ ọ́ sínú ìgò, òyìnbó kì í da nǹkan nù. Má fowó ránṣẹ́ lóṣù yìí, iyọ̀ àti kẹrosíìnì lè dúró. Fi ra ibà wá, èyí tó máa tó wa títí a ó fi já Wúlẹ̀mọ̀tù lẹ́nu ọmú.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, orí rẹ ò ní dàrú, àìsàn ò ní mọ ilé rẹ. Ibà tó bá sì fẹ́ wá bá ọ, júwe ilé wa fún un.

Èmi ìyá rẹ,
Sàfúrátù